Ẹ gbà mí o! Ta ló lè bá mi wo ọmọ ní Àkóbò, n'Ìbàdàn? Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́rin

Ìyá Tiolú (Ẹtì, 6:12 àárọ̀)
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn kíákíá ni mo ń wá. Ìdánwò ICAN mi, ìyẹn ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó ti ṣèlérí pé òun á bá mi wo ọmọ pè mí lálẹ́ àná pé òun ń lọ sí Ìlọrin, ara ìyá ọkọ òun ò yá. Ta ló mọ kíréèṣì tó dáa, tàbí ìyá àgbà kan tó ṣe é finú tán ní Àkóbò? Ọmọ náà kì í gba ìgò. Ẹ má bínú, mi ò lè kọ púpọ̀, ó ti jí.

Àdùnní Ojúurin (6:31)
Àkóbò wo? Ojúurin ni àbí General Gas, àbí ẹ ti wọ inú lọ́hùn-ún lọ? Tó bá jẹ́ Ojúurin, ẹ yà níbi tí wọ́n ti ń lọ ata, kí ẹ béèrè ìyá ẹlẹ́kọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n níbẹ̀. Àwọn ló bá mi wo àkọ́bí mi nígbà tí mo ń ṣe PGDE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́.

Ìyá Ìbejì Àpáta (6:40)
Ọmọ oṣù mélòó ni? Ọjọ́ mélòó ni ìdánwò yẹn? Bàbá rẹ̀ ńkọ́?

Alájé Súnmọ́lé (7:02)
Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó sílé tí mo ń wo ọwọ́ ọkọ. Ṣínṣín ló yọ mí. Kọ́ńgò fúláwà mẹ́rin ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa gé e nígbà tí ọmọ bá sùn lọ́sàn-án, kí ẹ dín in lálẹ́. Ẹ má jẹ́ kí bọ́tà pọ̀ jù kó má baà fọ́ nínú epo, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó di í sínú ọ̀rá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á rọ̀. Iléèwé tó wà ládùúgbò yín nìkan, ẹ ò ní lè tà fún wọn tán. Ẹni tó bá fẹ́ kí n kọ́ òun, kó kàn sí mi.

Ìyá Àánú (7:25)
Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé ọmọ lọ sí kíréèṣì kankan ní ọjọ́ mẹ́rin sí ìdánwò.

Mi ò ní dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọmọ mi pé oṣù méje nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ mọ́, wọ́n ya ìjàpá àti ehoro sára ògiri, àwọn tó ń wo ọmọ wọ aṣọ kan náà. Ó wù mí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bí mo bá dé ní aago mẹ́rin, wọ́n á ní ó ń sùn. Mo ní ọmọ dáadáa ni. Lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àá délé, màá wẹ̀ ẹ́, omi á kàn án lójú, kò ní là á. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tó jẹ́ pé bí ìdérí ìkòkò bá jábọ́ ní kíṣìnì, ó ti ké dé ilé kejì ni o.

Ọjọ́bọ̀ kan ni mo tú báàgì rẹ̀ kí n lè fọ ife rẹ̀. Mo rí ṣíbí kékeré kan tí kì í ṣe tiwa. Nǹkan pupa kan ti gan mọ́ inú rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ mi níka bí oyin. Mo gbóòórùn rẹ̀. Oògùn ọ̀fìnkìn ni. Ọmọ mi kò sì ní ọ̀fìnkìn.

Alẹ́ ọjọ́ náà la gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ta ló ń wo ọmọ yìí lọ́sàn-án?” Nígbà tí mo padà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ò tilẹ̀ sẹ́. Wọ́n ní gbogbo ọmọ ni àwọn ń fún kí wọ́n lè sinmi.

Ọmọ náà ti pé ọdún 5 báyìí, ara rẹ̀ le, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, bó bá sùn pẹ́ lọ́sàn-án, mo ṣì máa ń lọ gbé ọwọ́ síwájú imú rẹ̀.

Ọmọ Ìwó Road (7:33)
Yéè! Àwọn wo nìyẹn? Ẹ fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ọmọ mi wà ní ọ̀kan ní Bódìjà.

Abíọ́dún (7:35)
Èmi náà ń fẹ́ orúkọ wọn o.

Tọ́lá M. (7:41)
Ọmọ mi náà máa ń sùn púpọ̀ bí mo bá ti mú un dé. Àyà mi ti ń já. Mò ń lọ mú un nísinsìnyí.

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀ (7:58)
Ẹ fara balẹ̀, Tọ́lá. Oorun nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ọmọ bá jí dáadáa nígbà tí ẹ bá gbé e, tó mu ọmú, tó ń ṣeré, kò sí wàhálà. Bó bá rọ jọ̀wọ̀lọ̀, tí kò ṣe é jí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ pátápátá ni Ìyá Àánú sọ ní ti oògùn yẹn: ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn tó ń mú ni sùn lè dín mímí ọmọ kékeré kù. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ fún un.

Màmá Kíréèṣì (8:20)
Ó dùn mí wọra. Ọdún 9 ni mo ti ń wo ọmọ ọlọ́mọ, èmi àti obìnrin mẹ́ta. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀daràn ni, ọlọ́pàá ló yẹ kó mú un. Àmọ́ ẹ má fi ẹnì kan ba gbogbo wa jẹ́. Ẹ wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ní aago 11 òwúrọ̀, kì í ṣe aago mẹ́rin. Bí wọ́n bá ní ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọn á fi múra, ẹ gbé ọmọ yín lọ.

Ìyá Àánú (8:26)
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ẹ̀yin ń ṣe dáadáa. Àmọ́ àwọn ti ibẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí gẹ́lẹ́.

Bàbá Ìyanu (8:44)
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá ni ICAN máa ń ṣe ìdánwò lọ́dọọdún. Kí ló dé tí kò lè jẹ́ oṣù karùn-ún? Ọmọ kì í padà di ìkókó. Kí ìyá rẹ̀ jókòó tì í.

Ìyá Ìbejì Àpáta (8:52)
Bàbá Ìyanu, ẹ ò béèrè iye ìgbà tó ti sún un síwájú. Nígbà tí ìyàwó yín bí Ìyanu, ṣé ẹ̀yin fi ìwé tàbí iṣẹ́ kankan sílẹ̀ di oṣù karùn-ún? Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ. Ẹni tó ń wá igba ojú yẹn ló wá béèrè ọ̀rọ̀ níbí, kò bèèrè bóyá kóun jókòó.

Bàbá Ìyanu (9:03)
Mi ò sọ pé kó má kàwé. Mo ní àsìkò. Ìyàwó mi náà ṣe ìdánwò tirẹ̀ nígbà tí ọmọ pé ọdún méjì, ó sì yege.

Abíọ́dún (9:10)
Ìyàwó yín ní ẹ̀yin nílé. Ẹlòmíì ò lẹ́nì kankan.

Akọ́wé Mókọ́lá (9:30)
Ìpele wo lẹ wà? Bí ẹ bá ti ka Accounting ní yunifásítì tí ICAN fọwọ́ sí, wọ́n á yọ̀ǹda ìpele àkọ́kọ́ fún yín, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti Skills, ìyẹn ìpele kejì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti san owó ìwé tí ẹ ò nílò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ dẹ́rù bà yín. Olóyè Toyin Olakunri ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ ICAN, àtẹ̀yìn wọn sì làwọn obìnrin míì ti ń jẹ ẹ́.

Ìyá Ṣakí (10:05)
Kíréèṣì ò dá mi lójú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú ọmọdébìnrin kan wá láti ilé. Ọmọ ọdún 11 ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó ti tọ́ àbúrò mẹ́ta. Àwọn òbí rẹ̀ ń wá ibi tí yóò wà. Bí mo bá pè wọ́n lónìí, ó lè dé lọ́jọ́ Àìkú.

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀ (10:17)
Ìyá Ṣakí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Òfin ọdún 2015 tí NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ń lò sọ pé ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló kéré jù fún un. Ẹ tilẹ̀ gbé òfin tì. Ọmọ ọdún 11 ni yóò wo ìkókó? Ta ni yóò wo òun náà? Ẹ jẹ́ kó lọ síléèwé.

Ìyá Ṣakí (10:25)
Mi ò fẹ́ ibi fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n mú èmi wá sí Ìbàdàn.

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀ (10:31)
Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn.

Ìyá Tiolú (11:50)
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ Ìyá Àánú pa mí lẹ́kún. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni. Ìwé mẹ́ta ló kù fún mi ní Skills: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 15. Bàbá wọn wà ní Àbújá, ìparí oṣù ló ń wálé. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti wà ní nọ́sìrì, ìyẹn ò ṣòro.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mò ń bá ṣe ìwé owó wọn láti ilé, ìyẹn ló ń sanwó nọ́sìrì. Bí mo bá ti parí tiwọn ní bíi aago 11 alẹ́, màá sùn, màá jí ní aago 3 kàwé títí ọmọ fi máa jí ní aago 5. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sún ìdánwò yìí síwájú, ìgbà àkọ́kọ́ nítorí oyún, ìkejì nítorí ọmọ tuntun. Bí mo bá tún sún un, mi ò ní ṣe é mọ́. Mo mọ ara mi.

Bàbá Ìyanu (12:04)
Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀. Ẹ lọ ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀ (12:20)
Tó bá jẹ́ oṣù mẹ́jọ, ẹ̀rù ò bà mí rárá. Ó ti ń jẹun. Ògì tó ki pẹ̀lú edé lílọ̀, ẹ̀wà tí ẹ bó èèpo rẹ̀ tí ẹ gún kúnná, ẹyin sísè. Ẹ má wulẹ̀ bá a jà lórí ìgò. Ife kékeré àti ṣíbí ló dáa jù, ó sì rọrùn láti fọ̀. Ọmú tí ẹ bá fún sílẹ̀, kó má ju wákàtí mẹ́rin lọ níta, nínú ooru Ìbàdàn yìí kó tilẹ̀ máà tó bẹ́ẹ̀. Nínú kúlà tí yìnyín kún, ó lè tó wákàtí 24. Ẹ fi sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kí òtútù rẹ̀ lè kúrò, ẹ má gbé e lé iná.

Àdùnní Ojúurin (12:41)
Ìyá ẹlẹ́kọ ṣì wà níbẹ̀ o. Mo ti bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ní kí ẹ wá.

Alájé Súnmọ́lé (2:15 ọ̀sán)
Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ṣínṣín wa.

Ìyá Tiolú (Àìkú, 9:20 alẹ́)
Ẹ káalẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ibi tí mo bá a dé.

Mo lọ wo kíréèṣì méjì lánàá. Ọ̀kan dáa, àmọ́ mi ò lè gbé e lọ lẹ́yìn ohun tí mo kà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ, àyè ibẹ̀ ló jìnnà sí ibi ìdánwò.

Àbúrò ọkọ mi ló máa wò ó. Láti oṣù kẹjọ ló ti wà lọ́dọ̀ wa, ó ti parí ní yunifásítì, ó ń retí ìpè àwọn àgùnbánirọ̀. Ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 24. Mi ò ronú kàn án rárá. Nígbà tó gbọ́ tí mò ń pe èèyàn kiri lórí fóònù ló bi mí pé, “Àǹtí, èmi ńkọ́?”

A dán an wò lánàá láti aago 9 sí aago 1. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ara mi, mo ṣe ìbéèrè ọdún tó kọjá kan. Ọmọ ké fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde dé ẹnu ilẹ̀kùn, mi ò ṣí i. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mo jáde, mo bá àbúrò ọkọ mi ní kíṣìnì, ó ti fi ìró tí mo bọ́ sílẹ̀ lóru pọ̀n ọ́n, ó so ó mọ́ àyà dáadáa, ó ń fi ọwọ́ kan ro ẹ̀bà. Ó ní nígbà tí òun fi aṣọ tuntun pọ̀n ọ́n, kò gbà. Ìró tó ní òórùn ara mi ló gbà.

Inú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n máa jókòó sí níwájú ibi ìdánwò, lábẹ́ igi. Bí mo bá jáde, mo rí wọn.

Ìyá Àánú (9:34)
Ọkùnrin? Fún ọjọ́ mẹ́ta? Àbúrò mi, ẹ tún rò ó.

Ìyá Ìbejì Àpáta (9:40)
Ẹni tó ń retí àgùnbánirọ̀, tó mọ̀ pé ìró tó ní òórùn ìyá ni ọmọ ń fẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún un, jàre.

Ìyá Ṣakí (9:47)
Ẹ ò ṣe pe ìyá yín láti ilé?

Ìyá Tiolú (9:55)
Màmá mi ti lọ láti 2019, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Àánú, mo gbọ́ yín, mi ò fojú di ọ̀rọ̀ yín. Màá jáde wá wò wọ́n bí mo bá ti fi pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀.

Ọ̀kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Ọwọ́ ni mo fi ń fún ọmú, kò sì ń tó ààbọ̀ ife. Ta ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ọmú tó lè yá mi di Ọjọ́bọ̀?

Àdùnní Ojúurin (10:01)
Mo ní. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ni, kì í lo iná. Mo ti gbé e sínú omi gbígbóná báyìí. Ẹ wá gbà á lọ́la kó tó di aago 7 àárọ̀, ilé kẹta sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, géètì aláwọ̀ ewé. Ẹ mú ife onídèérí wá, yìnyín wà ní fírísà mi.