Ríìlì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, tó há mọ́ mi lọ́wọ́ létí odò Trent

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìrírí yín lórí iṣẹ́ ọwọ́, mi ò dá sí i, torí ríìlì ìpẹja tí mo ń ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé, ìyàwó mi gan-an ò kà á kún iṣẹ́. Ẹni tó kọ nípa gángan tó fọwọ́ ara ẹ̀ kàn lánàá ló jẹ́ kí n lanu.

Nottingham ní England ni mo ń gbé, ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Léèsì ni wọ́n fi mọ ìlú yìí láyé àtijọ́; àdúgbò kan ṣì wà láàárín ìgboro tí wọ́n ń pè ní Lace Market títí dòní. (Ẹ má bi mí bóyá ibẹ̀ ni léèsì òde wa ti ń wá o. Austria ni ọ̀pọ̀ tiwa ti wá.) Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àwọn apẹja odò Trent náà ní iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn níbẹ̀: ríìlì onígi, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká okùn ìwọ̀ mọ́, tí gbogbo ayé ń pè ní Nottingham reel.

Kò ní jíà kankan nínú. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dúró láàárín, kẹ̀kẹ́ igi ń yí lórí ẹ̀, ó parí. O yí ọwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun náà yí lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n tó bá yí dáadáa, omi tó ń ṣàn nìkan tó láti máa fa okùn jáde lára ẹ̀. Lefòó, ohun fúyẹ́ tí a so mọ́ okùn kó lè dúró lójú omi, á máa bá omi lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ìwọ á kàn fi àtàǹpàkò kan etí kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àtàǹpàkò yẹn ni bíréèkì.

Bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa ló kọ́kọ́ fi ọ̀kan hàn mí. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ìka ta á. Mo ta á. Ó ń yí. Bàbá da omi gbígbóná sí tíì, ó ń yí. Ó bu mílíìkì sí i, ó rò ó, ó gbé e fún mi, ó ṣì ń yí. Ọjọ́ yẹn ni mo ti kó sí i.

Walnut ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, tàbí mahogany. (Walnut yìí kì í ṣe àsálà tí à ń fi eyín pa jẹ o, igi ọ̀tọ̀ ni.) Mo rí tábìlì walnut àtijọ́ kan rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹrù àlòkù, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kán. Igi tó ti wà nínú ilé tí hítà ń jó fún bí ọgbọ̀n ọdún, ó ti gbẹ kanrin. Mo ní, irú igi báyìí, kí ló tún kù tó lè ṣe? Mo gé méjì róbótó nínú ẹ̀, mo gbé e sórí lathe, ẹ̀rọ tó ń yí igi kí èèyàn lè gbẹ́ ẹ róbótó. Ọ̀kan di àwo ẹ̀yìn, mo fi etí díẹ̀ sí i. Èkejì di kẹ̀kẹ́ tó jókòó sínú etí yẹn, íńṣì mẹ́rin àbọ̀ ní fífẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì, bébà kan ló lè gbà á kọjá. Mo tún ń fi yangàn! Gbogbo ẹni tó wá sílé ni mo ń mú bébà wá fún pé kó gbìyànjú ẹ̀.

Láti March 15 títí di June 15, òfin ò gbà kí á fi ìwọ̀ pa irú ẹja bíi chub nínú odò nílẹ̀ yìí. June 16 ni wọ́n máa ń ṣí i. Aago márùn-ún ìdájí, mo ti wà létí Trent tèmi ti láísẹ́ǹsì lápò. Òjò ń ṣẹ́, irú òjò wẹ́wẹ́ tí kì í pa èèyàn tí kì í sì í dá. Fún wákàtí méjì, ríìlì mi ń yí bí ẹni ń jó. Nígbà tó yá, mo rí i pé lefòó ń dúró ń lọ, ń dúró ń lọ. Mo rò pé omi ni. Àṣé igi ni.

Ẹja chub kan gbé e lákòókò yẹn gẹ́lẹ́. Ọ̀pá tẹ̀, mo ní kí n ká okùn wọlé, ọwọ́ ríìlì ò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ó há gbagidi. Mo fọwọ́ gbá okùn mú, ó ya mí níka, ẹja gbé ìwọ̀ àti lefòó, ó bá tiẹ̀ lọ. Bí mo bá lè yọ kẹ̀kẹ́ náà kúrò lára irin ni, ǹ bá nù ún gbẹ. Sukúrù ni mo fi dè é, mi ò sì mú ohun tí mo lè fi tú u dání. Ó dùn mí, torí ọdún 1883 ni David Slater, ará Newark, létí odò Trent yìí kan náà, ti gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ (patent) lórí ìdè kékeré kan tó jẹ́ pé ìka lásán lèèyàn fi ń tì í tí kẹ̀kẹ́ á fi yọ. Mo mọ̀ nípa ẹ̀. Mo ní ó máa gba àkókò mi.

Nígbà tí mo délé tí mo wọ̀n ọ́n, kẹ̀kẹ́ mi ò róbótó mọ́, ó ti ń dà bí ẹyin. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i tó bá mumi, fífẹ̀ ló máa ń fẹ̀. Bó sì ṣe gbẹ tó nínú ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tó níta. Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí àwọn àgbà fi ń fi idẹ tó rí bí ìràwọ̀ de àwo ẹ̀yìn tiwọn. Mo ti rò pé oge ni.

Ríìlì kejì gbà mí ní oṣù mẹ́jọ. Mo fi fáìlì yọ ìràwọ̀ náà látinú páànù idẹ, alaalẹ́ ni mò ń ha á títí ìyàwó mi fi ní òun á kó fáìlì náà dà nù. Mo fi epo linseed pa igi yẹn lápatúnpa. Àlàfo tó gba bébà kan tẹ́lẹ̀, mo ṣe é kó gba káàdì báǹkì. Mo sì fi ìdè Slater sí i.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Agolo mílíìkì ni ríìlì tiwa létí ọ̀sà. A ó so okùn mọ́ ọn nídìí, a ó ká a yípo, a ó ju òjé sómi. Èmi ò wá ronú pé etí agolo tó ti dípẹtà mú bí abẹ. Ẹja tó tóbi jù tí mo mú láyé mi, agolo ló gé okùn ẹ̀. Mo sunkún dé ọjà Olúwo lọ́dọ̀ màmá mi, wọ́n ní kí n wá bá àwọn yọ ìpẹ́ ẹja.

Káfíńtà Ìbàdàn:
Ọ̀rọ̀ òjò yìí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Pákó ni mo rà ní Bódìjà nínú ọ̀gbẹlẹ̀, mo fi kan ilẹ̀kùn mẹ́fà fún oníbàárà kan. Mo ṣe é há dáadáa kí ó má bàa ní àlàfo. June dé, bàbá onílé wọ ilé ìwẹ̀, kò lè jáde mọ́. Fèrèsé ni wọ́n gbà yọ wọ́n, nínú táwẹ̀lì. Wọn ò bú mi o. Wọ́n kàn ń pè mí ní ojoojúmọ́ fún oṣù kan, wọ́n á ní, "Káfíńtà, ilẹ̀kùn ń kí ọ."

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀gbọ́n Nottingham, èkejì ńkọ́? Ṣé ó mú ẹja?

Ará Nottingham:
Ó mú chub méjì, òjò sì rọ̀ sí i lára láti àárọ̀ dọ̀sán, kò há. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé ẹja yẹn lọ sílé níbí, wọ́n máa ń dá a padà sómi ni. Mo ya fọ́tò ẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó wo fọ́tò, ó wo ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí iná, kò sọ̀rọ̀. Ọmọ mi obìnrin ló ń bèèrè tiẹ̀ báyìí. Mo ti gé igi ẹ̀, mo gbé e kọ́ sínú ṣẹ́ẹ̀dì níbi tí atẹ́gùn á ti máa fẹ́ sí i. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án.