Kata wo ni ẹ fẹ́ràn jù nínú iaido?

Alákọ̀Dúdú: Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń fa idà yọ. Ó di ọdún mẹ́fà tí mo ti wà lẹ́nu iaido, iṣẹ́ fífa idà yọ ti ilẹ̀ Japan, ní London, mo sì ti kọ́ kata méjèèjìlá, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ idà tí a tò lẹ́sẹẹsẹ sí ọ̀tá tí a kàn ń fojú inú rí, tí àjọ kendo (eré ìjà idà) ilẹ̀ Japan gbé kalẹ̀. Mae, tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Ènìyàn jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ̀, ó fura pé ẹni tí ó kọjú sí òun fẹ́ pa òun, ó fa idà yọ ní ìbú sí ẹ̀bátí ẹni náà, ó gbé e sókè, ó sì là á lulẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ n kò tíì ṣe é bí ó ti yẹ rí. Ẹ̀yin ńkọ́?

OrúnkúnRíro: Ganmenate ni tèmi. A ó fi èèkù idà lu ẹni iwájú láàárín ojú méjèèjì, a ó yípadà gún ẹni ẹ̀yìn, a ó sì padà wá ṣá ẹni iwájú kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀.

ÌyáTáíwò: Ẹ jọ̀ọ́ o, orúnkún yín ni ó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé orí ìdúró ni a ti ń ṣe é.

OrúnkúnRíro: Àǹtí, n kò lè jiyàn. Èmi tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ jẹ níyà títí mo fi parí ilé ẹ̀kọ́, mo tún wá ń sanwó kí wọ́n lè mú mi kúnlẹ̀.

ÌyáTáíwò: Sogiri ni èmi ń ṣe nígbà tí inú bá ń bí mi. Ìṣá márùn-ún ni, láti orí dé èjìká, dé ìhà, dé ìbàdí, kí a tó la gbogbo rẹ̀ ní òró, ẹsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró.

ỌmọẸ̀gbá_Osaka: Sogiri dára, ṣùgbọ́n ọmọ àná ni. Méje péré ni àwọn kata wọ̀nyí ní 1969, 2000 ni wọ́n sì tó fi Sogiri àti Nukiuchi, méjì tí ó gbẹ̀yìn, kún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí iṣẹ́ yìí, kí ó lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Hayashizaki Jinsuke, tí wọ́n ń pè ní baba ìsàlẹ̀ fífa idà yọ, ti wà láti ọ̀rúndún 16. Ìtàn sọ pé ó gbàdúrà ní ojúbọ kan ní ibi tí a ń pè ní Yamagata lónìí, kí ó lè gbẹ̀san baba rẹ̀ tí wọ́n pa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa mí, nítorí pé àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀.

Alákọ̀Dúdú: Ẹ̀gbọ́n, èwo wá ni ẹ fẹ́ràn nínú ti àtijọ́?

ỌmọẸ̀gbá_Osaka: Kaishaku. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ni a dúró tì láti bẹ́ ẹ lórí, a ó sì fa idà yọ díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Olùkọ́ mi kì í jẹ́ kí a ṣe é níwájú èrò.

OrúnkúnRíro: Ẹ̀rù èyí bà mí. Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀tá.

BàbáÀtàǹpàkò: Ọ̀tá tèmi ni ọwọ́ òsì mi. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń lo idà ìdánrawò tí kò lójú, mo gba èyí tí ó mú. Mo ṣe Mae dáadáa dé ìparí, ó wá ku kí n dá idà padà sínú àkọ̀. N kò fa àkọ̀ sẹ́yìn tó, ṣóńṣó idà fo ẹnu rẹ̀, ó sì wọ àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ìgbà tí mo rí i tí ẹ̀jẹ̀ ń kán tótó sórí pákó ni mo tó mọ̀. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni dókítà fi rán an.

Alákọ̀Dúdú: Mo ti wo ọwọ́ òsì mi lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti ka èyí.

ỌmọẸ̀gbá_Osaka: Àbúrò, o yára jù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò yìí!

BàbáÀtàǹpàkò: Ẹ̀gbọ́n, kò sí fídíò kankan. Ojú ọ̀tá tí ó ṣubú ni mo ń wò, bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

TuntunNíDojo: Ẹ má bínú, oṣù mẹ́ta péré ni mo dé. Ṣé òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ń yọjú wo ẹnu àkọ̀?

ÌyáTáíwò: Gbogbo wa ni, nígbà tí olùkọ́ bá kọ ẹ̀yìn sí wa.

ỌmọẸ̀gbá_Osaka: Ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Fi àtẹ́lẹwọ́ wá ẹnu àkọ̀, jẹ́ kí ẹ̀yìn idà máa yọ́ lọ lórí ọwọ́ títí ṣóńṣó rẹ̀ yóò fi jábọ́ sínú fúnra rẹ̀. Idà ìdánrawò ni kí o fi ṣe é o.

BàbáÀtàǹpàkò: Mo rí i pé n kò tíì dáhùn ìbéèrè. Ukenagashi ni. Ẹnìkan ti apá òsì gbé idà bọ̀ wá, ìwọ ń dìde lórí ìjókòó, tirẹ̀ sì ń yọ́ dànù lórí tìrẹ bí òjò ṣe ń yọ́ lórí páànù. Èmi ṣì máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n mo ti dá èyí tí ó mú padà sínú àpótí.