Ta ló yẹ kó máa ka àwọn ọmọ tó gba ìyọ̀ǹda ìjáde?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì tó ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni tiwa, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ìjáde máa ń le jù lásìkò Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá: gbogbo ẹbí ló ń rán ẹnì kan wá mú ọmọ, "bọ̀dá ẹ̀ ni mí."

Alábala mẹ́ta ni ìwé ìyọ̀ǹda wa: ti ọmọ, ti háòsì másítà, ti mẹ́gáàdì ní géètì. A ń pe nọ́ńbà òbí tó wà nínú fọ́ọ̀mù ká tó buwọ́ lù ú. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bà jẹ́: òbí ti yí síìmù padà, tàbí kó jẹ́ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ ni ọmọ kọ síbẹ̀, onítọ̀hún á sì ṣe ohùn bíi ti màmá. A ní kí òbí fi fọ́tò àwọn tó lè wá mú ọmọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò mú un wá. (Ẹ má sọ pé ká ti géètì pa. Fẹ́ǹsì ni wọ́n ń gbà.)

Abala ọwọ́ mẹ́gáàdì kì í dé ọ́fíìsì títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ló yẹ kí ọmọ ti wọlé. Háòsì másítà rò pé ọmọ ṣì wà nílé. Ilé rò pé ó ti padà.

Lọ́dọ̀ yín, ta ló ń fi abala géètì wé orúkọ tí wọ́n pè lálẹ́ Sọ́ńdè, aago mélòó sì ni? Báwo lẹ sì ṣe ń mọ̀ pé òbí ló ni nọ́ńbà kan, yàtọ̀ sí pé kẹ́ ẹ pè é?