Òṣùpá ń rí bàìbàì ní 300mm: ṣé fókọ́ọ̀sì ni àbí nǹkan mìíràn?

ỌmọIléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onífọ́tò. Kámẹ́rà Canon APS-C (èyí tí sensor rẹ̀, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, kéré díẹ̀), megapixel 24, lẹ́ńsì 70-300mm f/4-5.6, lórí tripod. Òṣùpá àrànmọ́jú ni, aago 7 alẹ́ kọjá díẹ̀, láti orí dẹ́kìn ilé kan ní Iléṣà. ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fà mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó) 400, ihò lẹ́ńsì f/5.6, eré shutter 1/250 ìṣẹ́jú àáyá. IS, ohun tó ń dín gbígbọ̀n kù, wà ní títàn. Mo yí òrùka fókọ́ọ̀sì dé òpin, lápá ibi tí àmì ∞ (ti ohun tó jìnnà réré) wà. Síbẹ̀, etí òṣùpá rí bí òwú, àárín rẹ̀ funfun báláú, kòtò kan ò hàn níbẹ̀. Irú lẹ́ńsì yìí kan náà ni àwọn kan fi ń ya èyí tó mú bí abẹ. Ṣé lẹ́ńsì ló bàjẹ́ ni?

Àwòrán_Ifẹ̀

Lẹ́ńsì yín ò ṣe nǹkan kan. "Mo yí i dé òpin" yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Òpin òrùka kọ́ ni ∞. Àwọn tó ń ṣe lẹ́ńsì autofocus (èyí tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀) mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè sílẹ̀ kọjá ∞ ni, torí ooru àti òtútù máa ń yí ibi tí fókọ́ọ̀sì ń jókòó sí padà, autofocus náà sì ń fẹ́ àyè láti kọjá díẹ̀ kó tó padà. Ẹ bá yí i dé òpin, ẹ ti kọjá òṣùpá nìyẹn. Ní 300mm, kí òrùka yà bíńtín ti tó láti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ yí AF (autofocus) sí MF, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí i. Ẹ tan Live View, kí àwòrán hàn lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹ sún un dé 10x, kí ẹ gbé àpótí rẹ̀ sí etí òṣùpá. Bí òṣùpá ò bá tíì kún, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn ló dára jù. Ẹ kọ́kọ́ dín ìmọ́lẹ̀ kù o kí ẹ tó wo fókọ́ọ̀sì, torí òṣùpá tó funfun jù kò ní etí tí ojú lè dì mú. Ẹ wá yí òrùka kọjá ibi tó mú títí tó fi rí bàìbàì, ẹ yí i padà títí tó tún fi rí bàìbàì lápá kejì, kí ẹ máa dín ìrìn náà kù títí ẹ ó fi bọ́ sáàárín. Lẹ́ńsì tí kò wọ́n máa ń fi àwọ̀ ewé hàn létí òṣùpá lápá kan, àwọ̀ àlùkò lápá kejì. Ibi tí méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ni kí ẹ dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ òrùka fókọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì lẹ ti súùmù náà. Òṣùpá máa ń gòkè gan-an lọ́dọ̀ọ wa níbí, tí lẹ́ńsì bá sì ti kọjú sókè, ọ̀pá rẹ̀ a máa yọ́ wọlé fúnra rẹ̀, 300 a di 270, fókọ́ọ̀sì a sì yà. Bí ó bá jẹ́ irú lẹ́ńsì tí mọ́tò ló ń gbé òrùka, ẹ má pa kámẹ́rà rárá, torí ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń gbàgbé ibi tí ẹ gbé e sí.

BàbáLẹ́ńsì

Òótọ́ ni, àmọ́ àárín tó funfun báláú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fókọ́ọ̀sì. Àbúrò, oòrùn ló ń tàn sí òṣùpá, ilẹ̀ tó ń gba oòrùn ọ̀sán lò ń yà, má fi òkùnkùn tó yí i ká ṣe ìwọ̀n. Ìlànà tí gbogbo ayé ń lò fún àrànmọ́jú ni f/11, kí shutter jẹ́ 1 lórí iye ISO. ISO 100, f/8, a jẹ́ 1/200. Nínú tìrẹ, f/5.6 àti ISO 400 ń béèrè bíi 1/1600. 1/250 tí o lò fún un ní ìmọ́lẹ̀ tó lé ní ìlọ́po 6. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, afẹ́fẹ́ á gbà lára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, o lè dín eré shutter kù díẹ̀. Fún ìlàjì òṣùpá, ISO 100, f/8, bẹ̀rẹ̀ láti 1/50. Ya á ní RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kàn.

f/8 ni mo sọ torí pé lẹ́ńsì yẹn kì í mú tó bẹ́ẹ̀ ní f/5.6 nígbà tó bá na tán dé 300. Má lọ kọjá f/11, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká fúnra rẹ̀.

Pa IS lórí tripod. Fi tàímà ìṣẹ́jú àáyá 2 ya á, kí o sì wà nínú Live View kí dígí inú kámẹ́rà má baà lu nígbà tí o bá ń yà. Yọ UV filter, dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè síwájú lẹ́ńsì. Gálọ́ọ̀nù omi lítà 5 lè fa tripod mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀. Tó bá ń fì, ó tún burú ju kó má sí lọ.

Ìrì_Òru

Ẹ fi ti afẹ́fẹ́ kún un. Aago 7, àrànmọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá pọ̀ ju ti ìgbà tó bá wà lókè lọ fíìfíì. Àsìkò yẹn náà ni páànù àti dẹ́kìn tí oòrùn ti yan láti àárọ̀ ń tú ooru jáde, etí òṣùpá á sì máa jó bí ohun tí èèyàn ń wò lókè iná ààrò. Fókọ́ọ̀sì ò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ gbé tripod sórí koríko, kí ẹ dúró di aago 10 sí 12. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo ojú ọ̀run. Alẹ́ tó tẹ̀lé òjò ńlá ló sàn jù. Tí kámẹ́rà bá ti inú yàrá AC bọ́ síta, ẹ fi sílẹ̀ nínú báàgì tí ẹ ti pa dé fún bí ìṣẹ́jú 30, kí omi má baà bo dígí.

Wọ́n ní òṣùpá lé, ẹ ní kò gún, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o tún un ṣe. Èyí tó lé yìí gan-an ni kò ràn yín lọ́wọ́: ní àrànmọ́jú, oòrùn ń kọjú sí i tààrà, kò sí òjìji, kòtò ò ní hàn dáadáa bí fókọ́ọ̀sì tilẹ̀ pé. Ẹ dán an wò ní nǹkan bí ọjọ́ 7 lẹ́yìn òṣùpá tuntun. Ó ti wà lókè kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ sì mọ ibi tí agbára 300mm mọ. Òṣùpá jìnnà sí wa tó nǹkan bí ìlọ́po 110 ìbú rẹ̀, torí náà ẹ pín 300 sí 110: òṣùpá ò ju mm 2.7 lórí sensor, ìyẹn bíi pixel 730. Pixel kan gba nǹkan bíi kìlómítà 4.7. Kòtò Copernicus tó fẹ̀ tó kìlómítà 93 á gba bíi pixel 20, ó hàn dáadáa. Kòtò tí kò tó kìlómítà 10, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ ya 50 tẹ̀léra, kí AutoStakkert, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣa àwọn tó mú jù kó sì tò wọ́n pọ̀.

ỌmọIléṣà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó ku méjì. Tí mo bá fẹ́ kí òṣùpá yọ lẹ́yìn Oduduwa Hall ní OAU, kí méjèèjì sì mú, ibo ni mo máa fókọ́ọ̀sì sí? Ṣé kí n ra converter 2x, èyí tí wọ́n ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì kí 300 lè di 600?

BàbáLẹ́ńsì

Jìnnà sí ilé náà. Pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ, ní 300mm àti f/8, tí o bá fókọ́ọ̀sì sí ohun tó wà ní bíi mítà 600, láti mítà 300 dé òṣùpá ló máa mú. Ní f/11, mítà 430 ti tó. Ilé ni kí o fókọ́ọ̀sì sí. Láti mítà 600, òṣùpá á fẹ̀ tó mítà 5.5 lára ilé náà, ìyẹn ni kí o fi wọn ibi tí o máa dúró. Ọjọ́ tó ṣáájú àrànmọ́jú ni kí o lọ: òṣùpá á ti yọ ní bí ìṣẹ́jú 50 ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lára ilé. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú pátá, yálà ilé dúdú tàbí òṣùpá funfun.

Ti converter, má rà á. 2x á sọ f/5.6 di f/11, autofocus ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó ní dígí nínú ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, àléébù lẹ́ńsì á sì di ìlọ́po méjì. Ti Canon fúnra wọn ò tilẹ̀ wọ lẹ́ńsì yẹn, dígí tó yọ níwájú rẹ̀ á kan ẹ̀yìn lẹ́ńsì. Tripod tó wúwo ni kí o fi owó yẹn rà.