Orí tí mo gbé wá sáyé

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bi mí pé nígbà tí mo ti ń bọrí, tí mo sì ń lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun, ṣé ara mi ti wá yá pátápátá. Rárá o. SS ni mí nígbà tí wọ́n bí mi, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, SS náà ni mí lónìí. Kíráísìsì, ìrora egungun tí àìsàn yìí máa ń fà, ṣì ń mú mi. Ìbàdí mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí tí mo bá ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ Èkìtì tí à ń gbé yìí, kí ló tún wà níbẹ̀ bí kò ṣe òkè? Ẹ̀jẹ̀ mi ò yí padà. Ìbínú tí mo ń bí sí ara mi ló tán, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Adó ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn ọmọ méjì tí kò dúró. Orúkọ àbíkú ni wọ́n sọ mí. Ẹ mọ irú wọn: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Báńjókòó. Ọdún 1910 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, James Herrick, kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn pé òun rí ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé, ìyẹn àìsàn tèmi yìí. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn ìyá tiwa ti sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọjá kíkà. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú orúkọ wọ̀nyẹn. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bá ti pè ní àbíkú, ẹ̀sùn ti wà lọ́rùn rẹ̀: òun ló ń fìyà jẹ ìyá rẹ̀, òun ló ní ẹgbẹ́ tó ń bá ṣèpàdé. Tí egungun itan mi bá bẹ̀rẹ̀ lóru, tí n ò lè jókòó, tí n ò lè dùbúlẹ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní pálọ̀: "Ó tún ti fẹ́ lọ." Ọmọdé ni mí. Mi ò fẹ́ lọ síbì kankan.

Ìjọ kan tí a ń lọ nígbà tí mo dàgbà díẹ̀ sọ pé ẹ̀mí ìdílé ìyá mi ló ń fa àìsàn náà. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ láìjẹ láìmu. Ẹni tó bá ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Tí omi bá ti gbẹ lára SS, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa á le, wọ́n á tẹ̀, wọ́n á há sínú iṣan tóóró, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé ni ìrora ti ń gbóná. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo ti ṣínu ààwẹ̀ yẹn, pẹ̀lú dírípù lápá. Nígbà tí mo padà, wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré.

Dókítà tó wá là mí lóye dáa púpọ̀. Ó ya nǹkan sórí bébà fún mi: bàbá AS, ìyá AS (AS ni ẹni tó gbé àìsàn náà sínú ẹ̀jẹ̀ àmọ́ tí kò mú un), oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kó jẹ́ SS. Ó yé mi bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí bébà yẹn ò lè sọ fún mi ni ìdí tó fi jẹ́ èmi, tí kì í ṣe àbúrò mi tó jẹ́ AS tó ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri àdúgbò. Mi ò sì dá dókítà lẹ́bi, iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Ọmọ Ìgèdè-Èkìtì ni ìyá ìyá mi. Ìgèdè ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Òṣogbo ló gba òkìkí, àmọ́ ọ̀dọ̀ wa ni orísun wà. Ìyá àgbà ló mú mi lọ bá Ìyá Ọ̀ṣun kan tí wọ́n jọ dàgbà. Ọyẹ́ ń fẹ́ lákòókò yẹn, àyà mi sì ń já, torí mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń wẹ èèyàn níbẹ̀. Omi tútù láàárọ̀ ọyẹ́, kíráísìsì ló máa ń fà fún mi. Mo sọ fún Ìyá. Wọn ò bínú, wọn ò ní n ò nígbàgbọ́. Wọ́n bu omi inú ìkòkò Ọ̀ṣun sínú igbá, wọ́n ti ìka mẹ́ta bọ̀ ọ́, wọ́n fi kan àtàrí mi, wọ́n fi kan ìbàdí tó ń dùn mí, ẹ̀gbà idẹ ọwọ́ wọn ń ró wooro. Wọ́n wá gbé igbá náà lé mi lọ́wọ́. "Inú ni kí èyí tó kù gbà, ọmọ mi. Mu ún tán."

Ẹ gbọ́, gbogbo nọ́ọ̀sì tó ti tọ́jú mi ló ti sọ pé kí n máa mumi tó lítà 3 lójúmọ́. Mo mọ̀ ọ́n, ó sì ń sú mi. Láti ìgbà tí mo ti gba igbá yẹn, omi mímu ti kúrò ní ìyà. Kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ tí mo bá ji mu, mo máa ń fi ki Ọ̀ṣun ni, Yèyé tó fi omi tútù tọ́ ọmọ. Omi tí wọ́n ní kí n máa mu náà ni o, àmọ́ mò ń fi ìfẹ́ mu ún báyìí.

Ìyá Ọ̀ṣun ló ní kí n lọ yẹ orí mi wò. Babaláwo tí wọ́n júwe fún mi dá ọ̀pẹ̀lẹ̀, odù Ifá tó ń jẹ́ Ògúndá Méjì yọ. Ẹ óò ti gbọ́ ìtàn yẹn rí, ti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀, ẹni tó ń mọ orí lọ́run. Oríṣẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè ò dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n gbé èyí tó wù wọ́n lójú. Àwọn orí náà ò jiná dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá sáyé ni òjò pa wọ́n, òjò sì ń bó orí wọn lọ. Afùwàpẹ́ tó rúbọ ló gbé orí tó le délé. Mo bi Bàbá pé orí tèmi ńkọ́, ṣé òjò ti bó o tán? Wọ́n ní orí ta ni òjò ò kàn? Ó kan ti ẹlòmíràn níbi owó, ó kan ti ẹlòmíràn níbi ọmọ, tèmi, ibi ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Èyí tí òjò bá bó, ẹni tó ni ín ló ń tún un ṣe.

Mo jókòó sórí ẹní, ọ̀rọ̀ dókítà sì wá sọ́kàn mi: sẹ́ẹ̀lì pupa ti aláàfíà ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó gbó, tèmi kì í ju 10 sí 20 lọ. Ìkòkò tí iná ò jó délẹ̀. Ó yé mi lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe yé mi rí lọ. Kò sí ẹni tó fi mí bú, ìyá mi kì í ṣe àjẹ́, èmi náà ò sì wá dá ẹnikẹ́ni lóró. Orí tí mo gbé nìyí, iṣẹ́ mi sì ni láti máa tún un ṣe.

Bàbá fúnra wọn ló bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò. Mo ní fólíkì (folic acid) ni, nítorí ẹ̀jẹ̀, àti Paludrine nítorí ibà. "Má fi sílẹ̀ o. Orí ní í jẹ́ kí oògùn jẹ́." Obì àti omi tútù ni mo fi ń bọrí mi, tábúlẹ́ẹ̀tì fólíkì, ẹ̀gbẹ́ awo obì gan-an ni mo ń gbé e sí.

Mo ní láti sọ èyí: kò sí àgbo tó ń sọ SS di AA, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tí kò ní àìsàn yìí rárá. Ẹni tó bá ní òun ní in, tó ní kẹ́ ẹ da oògùn ilé ìwòsàn nù, ẹ sá fún un, ì báà wọ ìlẹ̀kẹ̀ dé orókún. Àwọn tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun wọn ni mo mọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wọn yí padà, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Nínú ìṣẹ̀ṣe pàápàá, kì í ṣe ohun gbogbo ni mo tẹ́wọ́ gbà. Ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń fi abẹ sàmì sí òkú ọmọ kó má baà padà wá, mi ò lè gbọ́ ọ kára mi má bù máṣọ. Wọ́n ṣe é fún ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi ṣì ń lọ. Wọ́n sunkún nígbà tí wọ́n gbọ́ ibi tí mo ń lọ. Ní báyìí, tí ìrora bá dé, wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n á máa ka Sáàmù, èmi á sì máa ki orí mi lábẹ́ ọwọ́ wọn. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé n ò gbà pé ilé wọn ni àìsàn yìí ti wá, wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n ní, "O ṣé." Láti kékeré mi, mi ò rí i kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ báyẹn rí.

Ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Èfọ̀n-Alààyè, tí òtútù orí òkè yẹn ń bá jà, kí lẹ ń ṣe sí i láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde? Ìbọ̀sẹ̀ méjì àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni tèmi, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ran ìbàdí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tó bá yín lára mu.