Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti lọ ya fótò eré ogun Waterloo ní Bẹ́ljíọ̀m rí?

Àlàkẹ́ (Milton Keynes):
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti débi eré ogun Waterloo tí wọ́n máa ń ṣe lóṣù June rí, èyí tí wọ́n fi ń ṣàfihàn ogun tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon, olú-ọba Faransé, lọ́dún 1815? Ọkọ mi ra kámẹ́rà olówó ńlá, látìgbà yẹn kò sí ẹyẹ tí kò tíì yà ládùúgbò wa, ó wá ní ogun ló kù tóun fẹ́ yà báyìí 😂. Páálí UK lòun àti ọmọ wa ń lò, ti Nàìjíríà ṣì ni tèmi. Báwo la ṣe máa ṣe ọ̀rọ̀ físà, ibo la máa dúró sí, ṣé ọmọ ọdún 6 sì lè bá wa lọ? Ẹ bá mi dá sí i o.

Bọ̀dá Fótò (Leicester):
Àlàkẹ́, ẹ kú ilé, ẹ bá mi kí ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: atẹ́gùn. Kámẹ́rà olówó ńlá ò lè ṣe nǹkankan fún ẹni tó bá dúró síbi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ. Ẹ̀tù dúdú àtijọ́ ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n fi èédú, imí ọjọ́ àti saltpetre pò, èéfín rẹ̀ funfun ó sì ki, tí ìlà ṣọ́jà kan bá ti yìnbọn bí ẹ̀ẹ̀mejì báyìí, fìlà nìkan lẹ máa máa rí. Ẹ tètè dé, ẹ wo àsíá tí wọ́n ta, apá ibi tó bá ń fẹ́ sí, ẹ má lọ síbẹ̀, òdìkejì ni kẹ́ ẹ gbà kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn yín wá. Èrò máa ń pọ̀ lẹ́bàá okùn tí wọ́n fà, ẹni tó bá dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí àkókò, ẹ̀yìn orí èèyàn ló máa yà lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ ìbọn wá kù. Ẹni tó bá ti wo àwọn ọdẹ wa rí tí wọ́n ń yin ṣakabùlà níbi ìsìnkú ọdẹ, ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Òkúta ìbọn á kọ́kọ́ ṣáná sí ẹ̀tù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, fùù, iná yẹn á tan mọ́ ẹni tó ń yìn ín lójú, kó tó wá bú gbàù lẹ́nu ìbọn. Iná méjì ni, fótò tó bá sì mú méjèèjì pọ̀ lọ̀gá máa fi yangàn. Tẹ́ ẹ bá dúró di ìgbà tí ọ̀gágun Faransé bá pariwo "Feu!" (ẹ yìnbọn!) kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ó ti bọ́. "En joue!" (ẹ na ìbọn!) ló máa ń ṣáájú ẹ̀, "Present!" ni tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi kámẹ́rà sí burst, kó máa ya fótò léraléra, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí èéfín á fi bo gbogbo ẹ̀.

Fún ẹṣin tó ń sáré, shutter speed (bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣẹ́jú) 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá sókè. Lẹ́ńsì tó gùn lẹ máa nílò torí okùn yẹn jìnnà sójú ogun, 70-200mm ló kéré jù, 100-400mm dáa jù ú lọ. Ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ máa yan ibi tó máa fojú sùn, èéfín ló máa lọ dì mú, àmì ìfojúsùn kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ gbé e lé ojú ẹnì kan tàbí àsíá. Èéfín funfun yẹn náà máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wá sọ ojú gbogbo èèyàn di dúdú kirikiri (àwa tá a máa ń ya fótò níbi òde Yorùbá, a mọ ìyà yẹn dáadáa 😅), ẹ fi exposure compensation, ibi tí wọ́n ti ń fi kún ìmọ́lẹ̀ fótò, gbé e sókè díẹ̀. Pupa kóòtù àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń pọ̀ jù nínú fótò, RAW ni kẹ́ ẹ yà, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, kẹ́ ẹ lè tún un ṣe nílé.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi èmi, inú bùdó ni fótò wà ju ojú ogun lọ. Àwọn tí ń ṣe Faransé sábà máa ń pàgọ́ sí Le Caillou, ilé tí Napoleon sùn lóru ọjọ́ tó ṣáájú ogun, tàwọn tó bá Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ṣe sì máa ń wà ní Hougoumont, ilé oko tí wọ́n jà lé lórí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ yẹ ètò ọdún tẹ́ ẹ bá ń lọ wò, torí wọ́n lè yí i. Ẹ débẹ̀ láàárọ̀, kí iná ìdáná ṣì máa rú, lẹ́ńsì 35mm tàbí 50mm ti tó. Mo rí bàbá kan níbẹ̀ tó jókòó sórí ìlù, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán bọ́tìnnì idẹ mọ́ kóòtù ẹ̀, gíláàsì ìgbàlódé lójú ẹ̀. Mo bi í bóyá mo lè yà á, ó ní ó dáa, ló bá yọ gíláàsì náà sápò, ó wá ń fọwọ́ wá ojú abẹ́rẹ́ kiri. Fótò yẹn ló wà ní pálọ̀ mi. Ẹ ṣáà máa tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó yà wọ́n, inú wọn máa ń dùn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yín ní ìtàn aṣọ wọn kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Rotterdam):
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Àǹtí Àlàkẹ́, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ ní stéṣọ̀n Waterloo o 😂, ti Bẹ́ljíọ̀m ni mò ń sọ, kì í ṣe ti London. Ibẹ̀ jìnnà sójú ogun. Láti Brussels-Midi tí Eurostar, tíréènì tó ń ti London wá, máa já yín sí, ẹ wọ tíréènì tó ń lọ Braine-l'Alleud, ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín bí nǹkan bí ìdajì wákàtí, òkè gíga tí ère kìnnìún wà lórí ẹ̀ lẹ máa máa wò lọ. Àtẹ̀gùn 226 ló ní, ẹ gùn ún lọ́jọ́ tí eré ò sí, èèyàn á rí gbogbo pápá yẹn látòkè, àmọ́ láti ya ṣọ́jà, wọ́n kéré jù látibẹ̀.

Tí ọmọ bá sì ní òun fẹ́ idà tàbí ìbọn ìṣeré lọ́jà tí wọ́n máa ń pa síbẹ̀, ẹ ní kó mú fìlà. Eurostar kì í gba nǹkan tó bá jọ ohun ìjà, ẹnubodè ni wọ́n máa ti gbà á lọ́wọ́ yín, ẹkún ló kù.

Àǹtí Bísí (Croydon):
Àlàkẹ́ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ físà ni tèmi. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó bá ti ní ìwé ìgbélùú UK lè kàn wọ Bẹ́ljíọ̀m, irọ́ ni o. Pé ọkọ ẹ di ọmọ UK ò yọ ọ́ sílẹ̀ náà, páálí Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, èyí tí Bẹ́ljíọ̀m àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. 90 euro ni fún àgbà. Wàá ní ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tó máa san ó kéré tán 30,000 euro tí àìsàn bá dé, ìwé iṣẹ́, sítéétìméǹtì báńkì, ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Oṣù 6 ṣáájú ni wọ́n ti ń gbà á, kò gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 15, ṣùgbọ́n má dúró dọjọ́ 15 yẹn, torí gbogbo ayé ló fẹ́ rìnrìn àjò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tẹ́ ẹ bá máa yà sí Paris, orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa pẹ́ sí jù ni kó o gbà á lọ́wọ́ wọn.

Tí físà bá wá pẹ́, àwọn ẹgbẹ́ tó wà nínú Napoleonic Association, àwọn tó ń ṣe irú eré ogun yìí, máa ń ṣe tiwọn káàkiri UK, ọkọ ẹ lè fi ìyẹn kọ́wọ́ ná.

Akin (Toronto):
Ẹ máa bínú sí mi o, kí ni ọmọ Yorùbá ń wá níbi eré Napoleon? Ọkùnrin tó dá oko ẹrú padà lọ́dún 1802, tó kó ọmọ ogun lọ bá àwọn èèyàn Haiti jà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe eré, kí wọ́n ṣe ti Vertières lóṣù November 1803, níbi tí wọ́n ti na àwọn ọmọ ogun ẹ̀, tí Haiti fi gbòmìnira ní January 1, 1804.

Bọ̀dá Fótò (Leicester):
Akin, òótọ́ lo sọ, èmi náà ì bá lọ wo ti Vertières kíákíá. Ṣùgbọ́n Waterloo gan-an, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́gun ẹ̀ ni, àwọn èèyàn wa sì wà níbẹ̀. George Rose, ọmọ Jamaica tí wọ́n bí sóko ẹrú, wà nínú regiment 73rd, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọgbẹ́ níbẹ̀. Thomas James tó ń lu aro nínú 18th Light Dragoons, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Gẹ̀ẹ́sì, náà wà níbẹ̀, àwòrán ẹ̀ wà ní National Army Museum ní Chelsea. Nítorí náà tí èèyàn dúdú bá wọ kóòtù pupa níbẹ̀, kò ṣe àṣejù. Òyìnbó kan bi mí nínú bùdó pé ṣé mo mọ̀ pé àwọn aláwọ̀ dúdú jà níbẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì dárúkọ wọn fún un.

Àlàkẹ́ (Milton Keynes):
Ẹ ṣeun gan-an ni. Àǹtí Bísí, mo ti wọ sáìtì físà Bẹ́ljíọ̀m báyìí, mo ń wá ọjọ́. Bọ̀dá, ọkọ mi ń kàwé yín lẹ́ẹ̀kejì 😂. Ọmọ ńkọ́? Òjò ńkọ́?

Bọ̀dá Fótò (Leicester):
Ọmọ lè lọ, ṣùgbọ́n ẹ ra nǹkan ìbòtí ńlá bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ fún un, ẹ̀yin náà ẹ dí etí yín, torí àgbá yàtọ̀ sí ìbọn, inú ìkùn lèèyàn ti máa ń gbọ́ ọ. Kó sì jìnnà sí ẹ̀yìn ẹṣin, kí wọ́n má bàa ta á nípàá. Àgbègbè yẹn nífẹ̀ẹ́ òjò, òjò tó rọ̀ mọ́jú June 18, 1815 gan-an ló jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ débi tí Napoleon fi dúró títí di nǹkan bí aago 11:30 kó tó bẹ̀rẹ̀. Bàtà òjò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá fún kámẹ́rà, bátìrì méjì tàbí mẹ́ta torí burst ń jẹ ẹ́ gan-an. Drone, kó fi sílé, láìgba ìwé àṣẹ wàhálà ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Rotterdam):
Kẹ́ ẹ sì gbé jọ̀lọ́ọ̀fù dání o, èrò tó máa ń tò síbi tí wọ́n ń ta ànàmọ́ díndín níbẹ̀, kí wọ́n tó kàn yín ogun á ti parí.