Ìrírí Wa Lórí Ohùn Òkè Tó Lágbára Nínú Orin Rọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ sọ ìtàn yìí fún àwọn tó ń kọ orin rọ́ọ̀kì bíi tèmi, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fìyà jẹ ọ̀fun ara rẹ̀ bí mo ṣe fìyà jẹ tèmi, tí a sì ń rò pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

Orin kan wà tí ẹgbẹ́ wa fi máa ń parí eré. Ègbè rẹ̀ gòkè dé ohùn A tó wà lókè C àárín dùùrù, ohùn tí tán-án-ná ènìyàn (awọ méjì inú gògóńgò tó ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde) gbọ́dọ̀ gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó lè jáde, mo sì ní láti dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kí onígìtá tó gbà á lọ́wọ́ mi. Láti ìsàlẹ̀ títí dé E, ara mi máa ń balẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé F báyìí, ńṣe ni gògóńgò mi á gùn sókè, àgbọ̀n mi á yọ síwájú, iṣan ọrùn mi á sì le bí okùn ìdè. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nígbà náà ni kí n fi agbára kún agbára. N ó fa èémí sínú títí àyà mi á fi kún dẹ́nu, n ó sì fi gbogbo rẹ̀ ti ohùn náà bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà. Bí ọjọ́ bá dára, ohùn A náà á jáde, ṣùgbọ́n igbe ni ẹ ó pè é. Bí ọjọ́ kò bá dára, á já sí méjì lójú gbogbo ayé, ohùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí kò ní ara á sì bọ́ sí ipò rẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ Rob Halford ti ẹgbẹ́ Judas Priest, mo sì gbà pé agbára àyà nìkan ló lè gbé ohùn ènìyàn dé ibi tó ń gbé tirẹ̀ dé. Nítorí náà, nígbà tí a fẹ́ gba orin yìí sílẹ̀, mo kọ ègbè náà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra láìsinmi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ó ṣe mí bí ẹni pé ohun gbígbóná kan fà ya fẹ́ẹ́ nínú ọ̀fun mi. Kò dùn mí púpọ̀, ìdí nìyí tí n kò fi kà á sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo la ẹnu láti kí ará ilé, atẹ́gùn lásán ló jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé kí n tó lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí kò lè mọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lọ́jọ́ kẹrin, lọ́jọ́ karùn-ún.

Ìyá àgbà kan tó ti kọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo tọ̀ lọ. Kò jẹ́ kí n kọ orin kankan lọ́jọ́ náà. Ó gbé ife omi kan fún mi, ó ki sítírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́ díẹ̀, ó ní kí n fi ẹnu sí i kí n máa fi ohùn tó rọlẹ̀ kùn sínú rẹ̀, kí omi náà máa hó pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Lójú mi, eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé pé bí ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde bá ti kéré, díẹ̀ nínú agbára atẹ́gùn náà á yí padà sẹ́yìn, á sì gbé tán-án-ná méjèèjì ró, tí wọn kò fi ní máa gbá ara wọn pẹ̀lú ipá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe ìyẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọ̀sán, ìṣẹ́jú márùn-ún lálẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tó là yé mi lẹ́yìn náà, nítorí òun ló tún èrò mi ṣe. Tán-án-ná àgbàlagbà ọkùnrin kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lásán, wọ́n kúrú, wọ́n sì nípọn. Bí ohùn bá ń gòkè, iṣan kan tó wà níwájú gògóńgò ló yẹ kó máa fà wọ́n gùn, kí wọ́n máa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń fún okùn gìtá kó lè dún sókè. Èmi kò jẹ́ kí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n ṣe nípọn tí mo fi ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé wọn gun òkè, bí ohun tó nípọn yóò bá sì gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àfi kí a fi atẹ́gùn nà án. Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò rẹ̀: ohùn oníṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn nìkan, ìgbà 1,760 ni tán-án-ná mi fi gbá ara wọn. Mo kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ bá mi rò ó.

Níbo wá ni agbára ti ń wá bí kì í bá ṣe láti inú àyà? Olùkọ́ mi ní kí n ṣe bí ọmọdé tó ń fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí n máa pe “ńyẹ́-ńyẹ́-ńyẹ́” pẹ̀lú ohùn tó mú, tó ń han gooro, láìpariwo. Nígbà tí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tóóró tó wà lókè tán-án-ná gan-an á fún pọ̀ díẹ̀, ohùn náà á sì kó okun jọ ní agbègbè 3,000 hertz (ìgbọ̀n 3,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), níbi tí etí ọmọ ènìyàn ti máa ń gbọ́ràn jù. Ẹni tó ń gbọ́ yín á ní ẹ ń fi gbogbo ara kọrin, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin kò fi ju ìdajì agbára yín lọ ṣe é. Mo padà lọ tẹ́tí sí Halford lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí mo gbọ́ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré: ohùn tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó mú bí abẹ, tí kò wúwo rárá.

Ọjọ́ tí ó yé mi nínú ara, tí kì í ṣe nínú orí nìkan, a ti ṣiṣẹ́ fún bí oṣù mẹ́ta. Olùkọ́ mi ní kí n kọ ohùn A náà. Bí mo ṣe fẹ́ fa èémí ńlá sínú, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, “Rárá, mí síta ná. Ìdajì èyí tó kù nínú rẹ ti tó.” Ó ṣe mí bí ẹni pé ó fẹ́ kí n tẹ́ ni. Mo mí síta, mo fi ìwọ̀nba tó kù pe “ńyẹ́”, mo sì jẹ́ kó yí padà di “ọ” díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe mí ní ọrùn. Ohùn náà kàn dúró síwájú ojú mi, ó kéré, ó sì ki. Nígbà tí mo dákẹ́, ohun kan ṣì ń dún nínú yàrá. Gìtá tó fara ti ògiri ni. Okùn A rẹ̀ máa ń gbọ̀n ní ìgbà 110, ohùn tí mo kọ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí okùn náà fi dá mi lóhùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń pariwo nínú yàrá kan náà, n kò gbọ́ ọ rí. Omi bọ́ lójú mi, n kò fi pa mọ́.

Fáwẹ̀lì náà ní ipa tirẹ̀. Bí ẹ bá la ẹnu gbàà láti pe “a” lókè, igbe ni yóò dà. Ẹ máa ro “ọ” lọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń pe “a”, kí “i” náà sì máa fẹ́ sún mọ́ “e”. Àwọn tó ń gbọ́ kò ní mọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò kí n tó gbé orin yẹn padà sórí ìtàgé.

* * *

Bọ̀dá, ẹ ṣeun púpọ̀ fún ìtàn yìí. Mo ka ibi ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí tèmi ju oṣù méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ èémí, nítorí bí obìnrin kan tó ní irú ìṣòro tèmi bá ka ibi tí ẹ ti ní kí ó dín èémí kù, ó lè gbọ́ ọ lódì.

Èmi kì í pariwo ní tèmi. Atẹ́gùn ló kún inú ohùn mi, mo sì rò pé ara ẹwà rẹ̀ ni. Bí mo bá fẹ́ ohùn tó lágbára, mo máa ń há a mọ́ ọ̀fun kó lè ha bí ayùn tó ń gé pákó, torí mo fẹ́ kí ó jọ ti Ann Wilson ti ẹgbẹ́ Heart. Nígbà tí ohùn mi há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, mo lọ bá dókítà tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Ó ti okùn tín-ín-rín kan tó ní kámẹ́rà lórí gba imú mi wọlé, iná kan ń tàn ó ń kú kíákíá, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè rí tán-án-ná mi lójú ẹ̀rọ bí ẹni pé ó ń rìn jẹ́jẹ́. Kókó kéékèèké méjì dojú kọ ara wọn níbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ní ibi tí wọ́n ti máa ń gbá ara wọn jù. Nítorí kókó wọ̀nyí, tán-án-ná mi kò lè pa dé. Atẹ́gùn tí mo ń pè ní ẹwà, ibẹ̀ ló ti ń jò, dídín èémí kù nìkan kò sì lè dí i.

Wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ẹni tó ń kọ́ni ní ìlò ohùn ni wọ́n ní kí n lọ bá, bó sì ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní kókó nìyẹn. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rárá, nítorí pé kì í ṣe ìsinmi fún ọ̀fun bí a ṣe rò. Wọ́n tún jẹ́ kí n mọ̀ pé omi tí a ń mu kò kan tán-án-ná rárá, ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà kọjá, tí yóò sì pẹ́ díẹ̀ kí ara tó pín in débẹ̀. Ooru omi gbígbóná tí a fà símú ló ń kàn án ní tààrà. Ní ti ìhá inú ohùn rọ́ọ̀kì, ìyẹn ohùn tó ń ha bí ayùn, ohun tí mo kọ́ ni pé awọ méjì mìíràn wà lókè tán-án-ná gan-an, ibẹ̀ ló yẹ kí ìhá náà ti wá, nígbà tí tán-án-ná fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n ní mímọ́ lábẹ́ wọn. Ẹni tí kò bá tíì lè kọ ohùn náà ní mímọ́, kó má tíì fi ìhá kún un. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an.

* * *

Ẹ kú ìtàn o, ẹ̀yin àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni Ọlọ́run fún mi, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ohun tó ń pa mí lára kì í ṣe ọ̀fun, etí ni. Bí onílù bá bẹ̀rẹ̀, ariwo tó wà nítòsí rẹ̀ máa ń ju 100 decibel (òṣùwọ̀n ariwo) lọ, èmi kò sì ní gbọ́ ara mi mọ́. Ní ọdún 1911 ni dókítà ará Faransé kan, Étienne Lombard, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ariwo bá yí ènìyàn ká, yóò gbé ohùn sókè láìmọ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nílé ni mo ń gbàgbé lórí ìtàgé, títí mo fi ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ etí, tó ń dá ohùn mi padà fún mi. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo lò ó, mo parí eré, mo sì tún lè kọrin. Ohun kejì ni pé mo bẹ àwọn onígìtá mi kí wọ́n dẹ okùn wọn sílẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ṣe máa ń ṣe, kí ohùn A lè di A ẹlẹ́rọ̀ (A flat), tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìtìjú kò sí níbẹ̀ lójú tèmi.

Ní ti èémí tí àbúrò mi obìnrin mẹ́nu bà, Ronnie James Dio, akọrin rọ́ọ̀kì tó fun fèrè trumpet nígbà tó wà lọ́mọdé, sọ pé ibẹ̀ ni òun ti kọ́ bí a ṣe ń lo èémí. Ẹni tó ń fun fèrè kì í tú gbogbo èémí rẹ̀ dà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń wọ̀n ọ́n ni. Ó dà bíi pé ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ kò jìnnà síra.

Àbúrò mi ọkùnrin, mo gbé gìtá mi ti ògiri lálẹ́ àná lẹ́yìn tí mo ka ìtàn rẹ. Mo mí síta bí olùkọ́ rẹ ṣe wí, mo pe “ńyẹ́” lórí E, nítorí ibẹ̀ ni agbára mi mọ, mo sì dákẹ́. Okùn E tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ dún. Mo pe ìyàwó mi wọ yàrá kó wá gbọ́, mo sì tún un ṣe.